Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Yíyan Kámẹ́rà àti Ètò Ẹ́díìtì fún Iṣẹ́ Fídíò ní Lekki àti Ajah

Iṣẹ́ fídíò ti di ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń jẹun ní agbègbè Lekki títí dé Ajah. Láti Lekki Phase 1 gba Ikate, Jakande, Osapa àti Agungi, títí dé Badore àti Sangotedo, ó ṣọ̀wọ́n kí ọjọ́ Sátidé kan lọ láìsí kámẹ́rà ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, nínú ilé tuntun tí àwọn alágbàtà ilé fẹ́ polówó, tàbí nínú ilé alájà méjì tí àwọn eléré yá fún ọjọ́ mélòó kan láti fi ya fíìmù. Iṣẹ́ ẹni tó ń ya ìgbéyàwó yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣe àwàdà kúkúrú sórí ayélujára, ti àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣe fíìmù oníwákàtí méjì. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bá pàdé kí wọ́n tó náwó. Kámẹ́rà wo ni kí wọ́n rà, ètò kọ̀ǹpútà wo ni wọn yóò sì fi ṣe ẹ́díìtì, èyíinì ni gígé àwòrán, títò ó, títún àwọ̀ rẹ̀ ṣe àti fífi ohùn sí i, títí yóò fi di ohun tí ènìyàn lè jókòó wò?

Orúkọ kámẹ́rà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni ìdáhùn tí ọjà máa ń fún wọn, ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn gbé ẹ̀yìn síwájú. Lóòótọ́, kámẹ́rà ni iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ òpin iṣẹ́ ni ìpinnu ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀: lọ́dọ̀ ẹni tí yóò wo fídíò náà, lójú ohun tí yóò fi wò ó, àti nínú kọ̀ǹpútà tí àwòrán gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá ra kámẹ́rà tó ju agbára kọ̀ǹpútà rẹ̀, iná ilé rẹ̀ àti àpò oníbàárà rẹ̀ lọ, ilé erin ló kọ́ fún eku.

Náírà ló ń yan irinṣẹ́

Ìtàn fíìmù Yorùbá fi hàn pé ẹwà àwòrán nìkan kọ́ ló ń darí irinṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ń lò. Ní 1976, nígbà tí Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, tí Adéyẹmí Afọláyàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, orí sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n ń ya fíìmù, èyíinì ni ọ̀já oníke tín-ín-rín tí wọ́n fi kẹ́míkà kùn kí ìmọ́lẹ̀ lè fi àmì sí i lára. Lórí irú ọ̀já yìí náà ni Hubert Ògúndé ya Ayé àti Jáíyésinmi. Òkè òkun ni wọ́n ń kó ọ̀já náà lọ láti fọ̀ ọ́ kí àwòrán tó lè yọ, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì fi ń san owó iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba gùn lé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP ní 1986, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ọ̀nà yẹn dí. Àwọn oníṣẹ́ kò kórìíra sẹ́lúlọ́ìdì; ọwọ́ wọn ni kò tó o mọ́.

Fídíò ló rọ́pò rẹ̀. Àwọn eléré Yorùbá ti ń fi kámẹ́rà fídíò ya eré kí ó tó di 1990, nígbà tó sì di 1992, Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò lórí kásẹ́ẹ̀tì VHS, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń wò nínú yàrá wọn, òwò kásẹ́ẹ̀tì sì gbilẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Túndé Kèlání, tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí ní London Film School, tó sì ti fi sẹ́lúlọ́ìdì ya fíìmù fún àwọn eléré ńlá ní àwọn ọdún 1980, kò fi ojú ẹ̀gàn wo irinṣẹ́ tuntun náà: orí fídíò ni ó gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993. Àwòrán fídíò ìgbà yẹn kò dán tó ti sẹ́lúlọ́ìdì rárá, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ìtàn di sísọ, kí owó tó wọlé sì tó láti fi ṣe òmíràn.

Ìyípadà kẹta dé ní 2008, nígbà tí Canon gbé EOS 5D Mark II jáde. Kámẹ́rà fọ́tò ni, ṣùgbọ́n ó lè ya fídíò tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń rí bàìbàì bíi ti fíìmù sinimá, iye rẹ̀ sì kéré sí ti kámẹ́rà sinimá lọ́nà tó ga. Àléébù rẹ̀ kò fara sin: nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 ni fáìlì kan lè gùn mọ kí ó tó dúró, bí àlùfáà bá sì ń wàásù lọ́wọ́, ẹni tó ń yà á gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀. Síbẹ̀, irú kámẹ́rà yìí àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló sọ ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìgbéyàwó di olùdarí fídíò, àwọn lẹ́ńsì Canon tí wọ́n rà nígbà náà sì ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní lára kámẹ́rà tuntun. Ìyípadà kẹrin ni èyí tó wà lórí oníṣẹ́ Lekki báyìí. Náírà tó wà ní nǹkan bí 460 sí dọ́là kan ṣáájú oṣù kẹfà 2023 ti kọjá 1,500 nínú ọdún tó tẹ̀ lé e, ohun gbogbo tí wọ́n ń fi dọ́là san, ìbáà ṣe kámẹ́rà tàbí owó oṣooṣù ètò ẹ́díìtì, sì fò sókè ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ohun tí 1986 ṣe fún sẹ́lúlọ́ìdì ni 2023 ń ṣe fún àwọn irinṣẹ́ kan lónìí.

Ta ni yóò wò ó?

Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn bí ìlù gángan. Kámẹ́rà tó jẹ́ dandan fún oníṣẹ́ kan lè jẹ́ òfò gbáà fún ẹlòmíràn, oníbàárà ló sì ń fa ìyàtọ̀ náà. Bí Netflix bá gbé iṣẹ́ fún ènìyàn láti ṣe fíìmù tí yóò jẹ́ tiwọn, wọ́n ní àkójọ kámẹ́rà tí wọ́n fọwọ́ sí, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún fíìmù náà ló sì yẹ kó ti inú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ jáde. Kámẹ́rà náà gbọ́dọ̀ lè rí àwòrán 4K gidi, èyíinì ni pé kí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ má dín ní 3,840 ní ìbú. Òfin yìí ló fà á tí ARRI Alexa Mini, tí wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ fíìmù ńláńlá ní Hollywood, kò fi sí lára àkójọ náà, nítorí pé ojú rẹ̀ kò tó 4K, nígbà tí Sony FX3 àti Canon C70, tí owó wọn kéré sí tirẹ̀ gidigidi, wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní irú oníbàárà yìí kò ní láti rò ó púpọ̀: àkójọ náà ti rò ó fún un.

Ṣùgbọ́n irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń dín kù. Ní oṣù kìíní 2024 ni Prime Video ti Amazon kéde pé àwọn yóò dín iṣẹ́ tuntun tí àwọn ń ṣe ní Áfíríkà kù, ọ̀pọ̀ olóòtú fíìmù ní Èkó sì ti kọjú sí YouTube, níbi tí wọ́n ti ń gbé fíìmù odindi sí ojú ìkànnì tiwọn. Àwọn tó ń wò ó níbẹ̀ pọ̀ lórí fóònù, lórí dátà tí wọ́n fi owó ra, YouTube fúnra rẹ̀ sì ń fún àwòrán náà pọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí òǹwòran bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé kò dára ni ohùn, kì í ṣe iye ojú àwòrán. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń pariwo lábẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèré, kò sí kámẹ́rà tó lè gbà á là. Máíkì kékeré tí wọ́n ń fi mọ́ ọrùn aṣọ àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn lọ́tọ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ náwó lé.

Sinimá wà láàárín àwọn méjèèjì. Lekki ni iléeṣẹ́ Filmhouse ṣí sinimá IMAX àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ní oṣù Kejìlá 2016, fíìmù A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tó jáde ní ìparí 2023, sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Owó wà ní sinimá lóòótọ́. Àmọ́ fáìlì tí wọ́n ń gbé fún sinimá, tí wọ́n ń pè ní DCP, kò ju 2,048 ojú lọ ní ìbú bí ó bá jẹ́ ti 2K, kámẹ́rà 4K tó dára sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní òun kò lè ṣe fíìmù sinimá àyàfi kí òun rí kámẹ́rà 8K, ohun tí sinimá kò bi í léèrè ló ń dáhùn.

Ohun tó wà nínú kámẹ́rà

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ òǹwòran, ohun mẹ́ta ló yẹ kí a wò lára kámẹ́rà kí a tó wo orúkọ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni sẹ́ńsọ̀, pátákó kékeré tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì, tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán. Bí ojú kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe rí inú òkùnkùn sí, èyí sì ṣe kókó ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti máa ń pa iná nígbà tí ọkọ àti ìyàwó bá ń jó wọlé. FX3, tí Sony gbé jáde ní 2021, kò ní ju nǹkan bí mílíọ̀nù 12 ojú lọ lórí sẹ́ńsọ̀ tó fẹ̀ tó férémù fíìmù fọ́tò àtijọ́, ìdí nìyẹn tó fi dára lóru. FX30, tó tẹ̀ lé e ní 2022, ní sẹ́ńsọ̀ tó kéré sí i, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ́kọ́ tà á, 1,799 dọ́là, kò tó ìdajì 3,899 tí wọ́n kọ́kọ́ ta FX3. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀sán ló ń ya ilé tí wọ́n fẹ́ tà ní Ajah kò ní ìdí láti san ìyàtọ̀ owó yẹn.

Èkejì ni iye àwọ̀ tí kámẹ́rà lè kọ sílẹ̀, tí wọ́n ń fi bíìtì wọ̀n. Kámẹ́rà oníbíìtì 8 ní ìpele 256 fún àwọ̀ pupa, 256 fún àwọ̀ ewé àti 256 fún àwọ̀ sánmà. Oníbíìtì 10 ní 1,024 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ náà títí ẹ́dítọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà. Ìgbà náà ni ojú sánmà lórí òkun Elegushi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í là ní ìlà-ìlà nínú àwòrán oníbíìtì 8, bí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ kò dọ́gba.

Ẹ̀kẹta ni bí kámẹ́rà ṣe lè rí ohun tó funfun jù àti ohun tó dúdú jù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ibi tí èyí ti le tó ìgbéyàwó Yorùbá, níbi tí léèsì funfun, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, ojú dúdú tó ń dán àti gèlè tó ń kọ mànà yóò wà nínú férémù kan ṣoṣo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni Kodak fi ń ṣe òdiwọ̀n àwọ̀ fọ́tò, irú káàdì tí wọ́n ń pè ní Shirley, ẹ̀rọ kò sì fi ojú dúdú ṣe òṣùwọ̀n rárá. Títí di òní, bí ènìyàn bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ láti yan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, léèsì funfun yóò tàn án jẹ, yóò sì sọ ojú ìyàwó di èédú. Ojú ènìyàn ni kí a fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe aṣọ. Ní àjọ̀dún Sundance 2023, Lílis Soares, ọmọ ilẹ̀ Brazil, gba ẹ̀bùn pàtàkì fún bí ó ṣe ya Mami Wata, fíìmù dúdú-òun-funfun tí C.J. Obasi darí, tí wọ́n yà ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tó bá wò ó yóò rí i pé bí wọ́n ṣe darí ìmọ́lẹ̀ sí ara dúdú ló gbé iṣẹ́ náà yọ.

Láti lè di funfun àti dúdú mú pọ̀, àwọn kámẹ́rà òde òní ní ọ̀nà ìyàwòrán kan tí wọ́n ń pè ní log. Àwòrán log máa ń rí ràkọ̀ràkọ̀ bí aṣọ tó ti ṣá, nítorí pé kò tíì wọ inú ìkòkò aró: ẹni tó ń tún àwọ̀ ṣe ni aláró tí yóò rẹ ẹ́. Oníṣẹ́ tí kò mọ aró rẹ, tàbí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára, kò gbọdọ̀ ya log fún oníbàárà tó fẹ́ gba fídíò lọ́la. Bákan náà ni Blackmagic Pocket Cinema Camera 6K, tó jáde ní 2019, ṣe dára fún fíìmù tí wọ́n fara balẹ̀ yà, nítorí àwòrán rẹ̀ gbooro, ó sì bá ètò ẹ́díìtì DaVinci Resolve Studio wá láìgba owó mìíràn. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ tètè ń tán, kò sì mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ojú ẹni tó ń rìn. Ẹnìkan ṣoṣo tó ń sáré káàkiri gbọ̀ngàn àríyá kò lè fi ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀rùn.

Iná, oòrùn àti iyọ̀

Iná mànàmáná Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kódà ní ọjọ́ tí wọn kò bá mú un lọ. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìgbà 60. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí wọ́n ń kó wọ Èkó láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò sí férémù 30, èyíinì ni àwòrán 30, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí iná tiwọn. Bí a bá gbé e wọ gbọ̀ngàn ní Lekki bẹ́ẹ̀, àwòrán yóò máa ṣẹ́jú, nítorí pé kámẹ́rà àti gílóòbù kò rìn pọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀: kí a yí kámẹ́rà sí PAL, ètò fídíò tó bá iná onígbà 50 mu, kí férémù jẹ́ 25, kí ṣọ́tà, èyíinì ni àsìkò tí férémù kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀, jẹ́ ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá jẹ́ fíìmù sinimá tó nílò férémù 24, ṣọ́tà kò gbọdọ̀ kúrò ní ìdá kan nínú 50, tí kámẹ́rà sinimá ń kọ ní ìgun 172.8. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè da gbogbo ìṣirò yìí rú, torí pé ìyára iná rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Iná LED tó ń lo bátìrì ló dá ni lójú jù.

Oòrùn ilẹ̀ yìí náà ní ìwà tirẹ̀. Èkó kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà oòrùn ọ̀sán máa ń dúró lórí ènìyàn gan-an, ó sì ń fi òjìji sínú ihò ojú. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń já wálẹ̀ kíákíá, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ wúrà tí gbogbo ayàwòrán ń wá kì í sì í pẹ́. Gíláàsì dúdú tí wọ́n ń gbé síwájú lẹ́ńsì láti dín ìmọ́lẹ̀ kù, tí wọ́n ń pè ní ND, kì í ṣe ohun afẹ́ níhìn-ín. Sony FX6 ní tirẹ̀ nínú, èyí sì jẹ́ ìdí kan pàtàkì tí ẹni tó ń ya ìta lójoojúmọ́ fi lè fẹ́ ẹ ju FX3 lọ.

Ilẹ̀ tóóró láàárín Òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà ni Lekki wà, atẹ́gùn rẹ̀ sì kún fún iyọ̀ àti ọ̀rinrin. Iyọ̀ ń jẹ irin ojú bátìrì àti ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀, ọ̀rinrin sì lè mú kí olú tín-ín-rín hù sínú gíláàsì lẹ́ńsì. Kámẹ́rà tó ti etí òkun dé gbọ́dọ̀ jẹ́ nínù, kí a sì kó o sínú àpótí tó dí, pẹ̀lú àwọn pákẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń fa omi mu. Ẹni tó bá sì gbé kámẹ́rà kúrò nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù bọ́ sí ìta ní ọ̀sán, ìrì yóò bo lẹ́ńsì rẹ̀; kí ó fi í sílẹ̀ nínú báàgì fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ bá ti ìta mu. Ní ti dúróònù tí àwọn apolówó ilé fẹ́ràn, òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà: ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ NCAA tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò.

Kọ̀ǹpútà ni ọ̀nà ọ̀fun

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń kọsẹ̀ ni èyí, nítorí pé oníbàárà kì í rí kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà ló ń rí. Kámẹ́rà tó bá ń kọ fídíò 4K sílẹ̀ ní férémù 25, ní ọ̀nà tí férémù kọ̀ọ̀kan fi pé lọ́tọ̀, lè lo mẹ́gábíìtì 250 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó jẹ́ gígábáìtì 112.5 ní wákàtí kan. Kámẹ́rà méjì tó bá fi wákàtí mẹ́jọ ya ìgbéyàwó yóò kó 1,800 gígábáìtì wálé, bí oníṣẹ́ bá sì ṣe ẹ̀dà kan sí i kí iṣẹ́ oníbàárà má baà sọnù, ó di 3,600. Ẹni tí kò ra háàdì dísíìkì tó lè gba èyí kò tíì ra kámẹ́rà náà tán.

Ọ̀nà kejì wà tí kámẹ́rà fi ń kọ ohun tó yí padà láti férémù kan sí èkejì nìkan. Fáìlì rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa ṣe ìṣirò ohun tó kù, àwòrán yóò sì máa dúró, yóò máa rìn, bí mótò nínú sún kẹẹrẹ ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a ṣe ẹ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní proxy, aṣojú tí ẹ́dítọ̀ yóò fi ṣiṣẹ́, tí fáìlì gidi yóò sì wá gba ipò rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Gbogbo ètò ẹ́díìtì pàtàkì ló lè ṣe èyí, kì í sì í gba kọ̀ǹpútà olówó ńlá.

Nínú àwọn ètò náà, Adobe Premiere Pro ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìpolówó mọ̀ jù, ó sì bá Photoshop àti After Effects rìn dáadáa. Láti 2013 ni Adobe ti dáwọ́ títa ẹ̀dà tuntun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dúró. Oṣooṣù ni wọ́n ń gba owó. Ní 2022, nígbà tí àwọn báǹkì kan dín ohun tí káàdì náírà lè ná sí òkèèrè kù sí 20 dọ́là lóṣù, owó oṣù Premiere Pro fi díẹ̀ ju iye yẹn lọ, kí ọdún náà sì tó parí, ọ̀pọ̀ báǹkì ti dá a dúró pátápátá. 2025 ni àwọn kan tó tún ṣí i. Láàárín ìgbà náà, àwọn kan bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀dà jíjí, tí kòkòrò kọ̀ǹpútà sábà máa ń bá wá, tí kò sì yẹ oníṣẹ́ tó ń wá báǹkì àti iléeṣẹ́ ńlá ṣe oníbàárà.

DaVinci Resolve rìn ní ọ̀nà mìíràn. Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, ẹ̀rọ olówó ńlá fún títún àwọ̀ ṣe ni da Vinci jẹ́. Iléeṣẹ́ Blackmagic Design ti ilẹ̀ Ọsirélíà rà á ní 2009, wọ́n sì gbé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ jáde ní 2011. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ náà lè gbé fídíò 4K ti tẹlifíṣọ̀n jáde, ẹ̀dà Studio sì jẹ́ 295 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ní 1,500 náírà sí dọ́là: Studio yóò jẹ́ náírà 442,500 tí oníṣẹ́ kò ní tún san mọ́, nígbà tí Premiere Pro ní 22.99 dọ́là lóṣù yóò jẹ́ 413,820 lọ́dún kan, tí ọdún kejì yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní 460 sí dọ́là, owó Studio kan náà kò ju 135,700 lọ. Ìṣirò yìí, ju ẹwà ètò kọ̀ọ̀kan lọ, ló yẹ kó darí ẹni tí owó náírà ń wọlé fún.

Final Cut Pro ti Apple jẹ́ 299.99 dọ́là lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà Mac nìkan ni ẹ̀dà yìí ń ṣiṣẹ́. Ohun tó mú un wúlò ní agbègbè tí iná kò dá lójú ni pé làpútọ́ọ̀pù Apple tó ń lo ọpọlọ M, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, kì í jẹ iná púpọ̀, agbára rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù nígbà tó bá wà lórí bátìrì, nígbà tí ọ̀pọ̀ làpútọ́ọ̀pù Windows alágbára máa ń rọ̀ tí a bá yọ wáyà wọn. Ní ti àwọn aláwàdà kúkúrú, CapCut orí fóònù ti tó wọn, kò sì yẹ kí ojú tì wọ́n láti lò ó, nítorí ibi tí wọ́n ti ṣe é gan-an ni wọn yóò ti wò ó.

Yá èyí tó ń tètè gbó, ra èyí tó ń pẹ́

Bí ó bá wá kan owó, ìlànà tó bọ́gbọ́n mu ni kí oníṣẹ́ ra ohun tó máa ń pẹ́, kí ó sì yá ohun tó máa ń tètè gbó. Lẹ́ńsì, máíkì, ìdúró kámẹ́rà àti iná lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Ara kámẹ́rà fúnra rẹ̀ máa ń pàdánù iye nígbà tí òmíràn bá jáde, ó sì ṣeé yá lójúmọ́ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kámẹ́rà háyà fún ni. Tókunbọ̀ náà kì í ṣe ohun ìtìjú bí a bá mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò: kí a ya ògiri funfun láti rí bóyá àbàwọ́n wà lórí sẹ́ńsọ̀, kí a jẹ́ kó ya fídíò fún ogún ìṣẹ́jú láti mọ̀ bóyá ó ń gbóná jù, kí a rí i pé ó ṣeé yí sí PAL, kí a sì gba ìwé ọjà, kí a má baà ra ohun tí olè jí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọjà kì í sọ: bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Fíìmù Shaihu Umar, tí Adamu Halilu darí ní 1976, ti di ohun tí àwọn ènìyàn rò pé ó ti sọnù, kí wọ́n tó rí ọ̀já rẹ̀ ní Jos, tí wọ́n tún un ṣe, tó sì padà hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ẹni tó bá gbé ọ̀já náà sí ojú iná ṣì lè rí àwòrán rẹ̀. Fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n yà ní Ajah lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ní irú oore bẹ́ẹ̀: ó wà nínú háàdì dísíìkì kan tí iyọ̀ ń jẹ wáyà rẹ̀, iṣẹ́ ẹ́díìtì rẹ̀ sì wà nínú ètò tí kò ní ṣí mọ́ bí owó oṣù bá dúró. Nígbà tí ọmọ tọkọtaya náà bá dàgbà, tó sì béèrè bí ìyá òun ṣe rí lọ́jọ́ náà, wọn yóò ti ta kámẹ́rà tó yà á, wọn yóò sì ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí háàdì dísíìkì kejì, tí wọ́n kó sí ilé mìíràn, fi yẹ kó ṣáájú kámẹ́rà tuntun nínú ìwé owó.